Àpótí ìṣeré ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí a lò kí ọmọ mi tó wọ jẹ́lé-ó-sinmi

Ihò bọ́tìnnì ni mo kọ́kọ́ wò. Aránṣọ ni mí, ojú mi kì í kọjá ohun tí wọ́n fi òwú rán láìyẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí mo tú àpótí náà sílẹ̀, tí ọmọ mi obìnrin ń fò sókè fò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pátákó aṣọ mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni mo fà yọ. Ọ̀kan ní bọ́tìnnì, ọ̀kan ní síìpù, ọ̀kan ní bọ́tìnnì alátẹ̀, ìkẹrin sì ní irú aṣọ onírun tó máa ń lẹ̀ mọ́ra, tó máa ń dún "fàà" bí a bá ń yà á. Mo ti bọ́tìnnì wọ ihò rẹ̀. Kò wọlé bọ̀rọ̀. Èmi tí mo ti ń ránṣọ láti ọdún mẹ́tàdínlógún, èékánná ni mo fi tì í kó tó kọjá.

Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì nígbà yẹn, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kó wọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n ra àpótí náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ti di ọmọ ọdún méje báyìí, sunkún ní gbogbo àárọ̀ fún odidi oṣù kan nígbà tirẹ̀, mi ò sì ṣe ìmúrasílẹ̀ kankan fún un ju pé mo ra báàgì tuntun lọ. Mi ò fẹ́ kí èyí jìyà bẹ́ẹ̀. Lára páálí àpótí náà ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ọmọ á ti máa kọ̀wé, á ti máa kàwé, á sì mọ oókà. Apó mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, apó kan fún ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ìwé ìlànà tó nípọn díẹ̀. A lò ó láti apó kìíní dé ìkẹjọ, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún lóòjọ́, lẹ́yìn tí àbúrò rẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́wàá bá ti sùn. Ó ti pé oṣù méjì tó ti ń lọ ilé-ìwé báyìí, mo sì ti mọ ohun tó wúlò nínú rẹ̀ àti ohun tí kò wúlò.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì ná. Gbogbo aránṣọ ló mọ̀ pé gígùn ihò gbọ́dọ̀ tó ìbú bọ́tìnnì, kí a tún fi nínípọn rẹ̀ kún un. Bọ́tìnnì pátákó yìí fẹ̀ tó mìlímítà 25, ó sì nípọn tó mìlímítà 3. Mìlímítà 25 géérégé ni wọ́n gé ihò rẹ̀, lórí aṣọ tó le gbagidi bíi ti àgọ́. Bí ọmọ ọdún mẹ́ta bá bá irú ihò bẹ́ẹ̀ jà lẹ́ẹ̀mejì tí kò ṣí, kò ní rò pé ihò ló kéré, á gbà pé òun ni òun ò mọ̀ ọ́n ṣe. Bó ṣe rí fún tèmi nìyẹn. Ó ju pátákó náà sílẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, mi ò lè ṣe é," kò sì fọwọ́ kàn án mọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo gbé e lọ sídìí máṣíìnì, mo fi mìlímítà 3 kún ihò náà, mo sì fi òwú ká etí rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló wọlé.

Ìwé ìlànà ní kí òbí ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ọmọ máa wò, kí ọmọ wá ṣe tirẹ̀. Ó pọ̀ jù fún ọwọ́ kékeré. Ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi. Èmi ni màá ti bọ́tìnnì wọ ihò títí tó fi máa kọjá ìdajì, màá wá ní, "Ìyá mi, bá mi fà á." Á fà á, á já bọ́ sí òdìkejì, á sì pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ torí òun ló parí iṣẹ́. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́ta, mo dúró nígbà tí etí bọ́tìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Lẹ́yìn ìyẹn, mo kàn di aṣọ náà mú fún un. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta, ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀ mọ́ rárá.

Ohun tí mi ò retí wá ni pé ọmọ tó ń ti bọ́tìnnì lórí pátákó wéréwéré kò lè ti ti búláòsì ara rẹ̀. Mo jókòó, mo wò ó dáadáa, mo sì rí ìdí rẹ̀. Bí pátákó ṣe wà lórí tábìlì, ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn ń ti bọ́tìnnì aṣọ ẹlòmíì tó kọjú sí i. Lára òun fúnra rẹ̀, apá ọ̀tún ti di apá òsì, òkè aṣọ ló sún mọ́ ojú rẹ̀ jù, àgbọ̀n rẹ̀ sì ń dí i lójú. Mo rán okùn méjì mọ́ pátákó náà, mo so ó mọ́ ọn láyà bíi épírọ́ọ̀nù. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ra àpótí yìí, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ẹ má dúró di ìgbà tó bá sú ọmọ.

Ojú ewé kan wà nínú ìwé ìlànà tí mo kà tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n sọ níbẹ̀ pé Friedrich Froebel, ọmọ Jámánì, dá ilé kan sílẹ̀ ní 1837 fún àwọn ọmọ kéékèèké tí wọn ò tíì tó ọmọ ilé-ìwé, pé ní 1840 ló sọ ilé náà ní orúkọ tó túmọ̀ sí ọgbà àwọn ọmọdé, àti pé ohun ìṣeré àkọ́kọ́ tó ṣètò fún wọn ni bọ́ọ̀lù mẹ́fà tí wọ́n fi òwú hun, aláwọ̀ oríṣiríṣi. Bọ́ọ̀lù òwú! Inú mi dùn débi pé mo hun mẹ́fà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ojú ewé kan náà ló dárúkọ Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ ní Róòmù ní oṣù kìíní 1907, tó ń fi irú pátákó aṣọ yìí kọ́ wọn. Ẹni tó kọ ojú ewé yẹn mọ ohun tó ń sọ. Ó dùn mí pé kì í ṣe òun ló ṣètò apó kẹrin àti ìkarùn-ún. Màá débẹ̀.

Sísọ́ọ̀sì méjì ló wà nínú apó kẹta. Ọ̀kan jẹ́ ike látòkèdélẹ̀: kò gé bébà, kò gé òwú, amọ̀ ìṣeré nìkan ló ń gé. Mo jù ú sínú agolo amọ̀, ibẹ̀ ló ti wúlò. Èkejì ní irin, orí rẹ̀ rí róbótó tí kò fi lè gúnni, ó sì mú níwọ̀nba. Ó dára. Àmọ́ ọwọ́ òsì ni ọmọ mi ń lò, ọwọ́ ọ̀tún nìkan sì ni wọ́n ṣe sísọ́ọ̀sì yẹn fún.

Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ̀ pé sísọ́ọ̀sì ní ti ọ̀tún, ó sì ní ti òsì. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá di ti ọ̀tún mú, bí ìka ṣe ń pa á dé náà ló ń ti irin méjèèjì mọ́ra. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ òsì, ìka kan náà á máa ya irin méjèèjì nípá, bébà á wá ká sáàárín wọn dípò kó gé. Irin òkè tún máa ń bo ìlà tí ọmọ ń wò. Ọmọṣẹ́ mi kan jẹ irú ìyà yìí fún oṣù mẹ́ta ní ìsọ̀ mi, mò ń bá a wí pé kò fọkàn síṣẹ́, kí n tó ṣàkíyèsí ọwọ́ tó fi ń gé aṣọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, mo ra sísọ́ọ̀sì ọwọ́ òsì lọ́tọ̀ fún ọmọ mi, mo sì kọ̀wé sí àwọn tó ta àpótí pé kí wọ́n máa bi oníbàárà léèrè ọwọ́ tí ọmọ ń lò kí wọ́n tó dì í. Wọ́n fèsì pé àwọn ti gbọ́. Kò sí ohun tí mo tíì rí pé ó yí padà.

Bí a ṣe gé nǹkan: mo gé páálí ìkésíni àtijọ́ sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ìbú kọ̀ọ̀kan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, tó fi jẹ́ pé ìgé kan ṣoṣo ló máa já a. Páálí tó le díẹ̀ ló yẹ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, torí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń wọ́ tẹ̀lé irin. Mo fi báírò ya ojú kékeré kan sórí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀, mo ní, "Ojú yẹn gbọ́dọ̀ máa wò ẹ́ bí o bá ti ń gé e." Bí àtàǹpàkò bá ti kọjú sókè, ọwọ́ ti wà níbi tó yẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó lè gé bébà já sí méjì. Ìlà rẹ̀ wọ́, àmọ́ ó já. Ìwé ìlànà ní kó ti máa gé àwòrán labalábá nígbà yẹn. Kò sí ọmọ ọdún mẹ́ta kan tí mo mọ̀ tó lè gé labalábá.

Ẹ̀mú onígi tó wà nínú apó kejì rọrùn, ó dára, ó sì lálòpẹ́. Wọ́n ní kó máa fi í mú bọ́ọ̀lù òwú kéékèèké láti abọ́ kan sí òmíràn. Mo rò pé á sú u ní ìṣẹ́jú méjì. Ogún ìṣẹ́jú ló lò, ètè rẹ̀ yọ síwájú, kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ni iṣẹ́ yẹn ń lò, àwọn mẹ́ta náà ló sì máa di pẹ́ńsù mú lọ́jọ́ iwájú.

Ó yá, apó kẹrin àti ìkarùn-ún. Ojú ewé 96 ìwé títọ ìlà! Lẹ́tà A ló wà lójú ewé kìíní, tí wọ́n fi àmì tótòtó kọ, kí ọmọ fi pẹ́ńsù gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Inú bí mi síbí yìí, mi ò ní fi pamọ́. Egungun wẹ́wẹ́ mẹ́jọ ló wà ní ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà. Lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣì rọ̀ bí eegun etí, wọn ò tíì gan. Ọmọ ọjọ́ orí yìí lè wò ọ́ bí o ṣe ń ya róbótó kó sì ya tirẹ̀. Ìlà méjì tó dábùú ara wọn máa ń tó bí ọdún mẹ́rin, onígun mẹ́ta sì máa ń tó bí ọdún márùn-ún, torí ìlà tó dagun ló ṣòro jù fún ọwọ́ ọmọ. Kí ló wà nínú lẹ́tà A bí kò ṣe ìlà méjì tó dagun? Ọmọ mi gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ títí ṣóńṣó rẹ̀ fi kán, ó gbọn ọwọ́, ó ní, "Ọwọ́ ń ro mí." Mo pa ìwé náà dé. Bàbá rẹ̀ ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé owó la fi rà á, pé kí n fi agbára díẹ̀ kún un. Mo ní rárá. Ọmọ tó bá ti kórìíra pẹ́ńsù kó tó dé ilé-ìwé, olùkọ́ wo ló fẹ́ tún mú un fẹ́ràn rẹ̀?

Kíréyọ̀nì onígun mẹ́ta mẹ́fà wà nínú apó kan náà, àwọn yẹn ló gbà wá. Mo ṣẹ́ wọn kúrú títí wọ́n fi kéré ju ìka rẹ̀ lọ. Kíréyọ̀nì gígùn, ọmọ á fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ gbá a mú bí ẹni di ọmọrí odó. Kúkúrú kò gbà á láyè, orí ìka nìkan ló lè dì í. Mo lẹ bébà ńlá mọ́ ara ògiri ní ìwọ̀n ojú rẹ̀, ó sì ń ya nǹkan síbẹ̀ lóòró. Ara ògiri máa ń jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ tẹ̀ sẹ́yìn bó ṣe yẹ, èjìká náà á sì ṣiṣẹ́. Róbótó ló ń yà, róbótó lórí róbótó, ó ní èmi ni èyí, bàbá rẹ̀ ni tọ̀hún, èyí tó kéré jù ni àbúrò rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fi ìlà méjì sísàlẹ̀ ọ̀kan, ó ní ẹsẹ̀ ni. Mo ṣì tọ́jú bébà yẹn.

Lẹ́tà onírun yanrìn náà wà níbẹ̀, tí ọmọ máa fi ìka tọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, yanrìn rẹ̀ kò ṣí. Lẹ́tà 26 ni. Márùn-ún nínú wọn, c, q, v, x àti z, a kì í lò wọ́n nílé wa. Ẹ, ọ, ṣ àti gb kò sí. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ọmọ nílò ní jẹ́lé-ó-sinmi ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, torí òun ló máa wò láti mọ ibi tó máa gbé báàgì kọ́ sí. Ṣ ni ti ọmọ mi. Mo gé aṣọ pelebe kan, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ s, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, á kọ́kọ́ tẹ aṣọ náà ní "ṣ!" kó tó tọ lẹ́tà. Mo gé tàwọn tó kù bákan náà. Bí àwọn tó ṣe é bá fẹ́ tà á fún wa, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé lẹ́tà tiwa jẹ́ 25, wọn ò sì ní ju mẹ́rin kún un.

Eré etí tó wà nínú ìwé ìlànà kò ju kí ọmọ mọ ohùn ajá yàtọ̀ sí ti adìyẹ. Ó ti mọ ìyẹn tipẹ́. Mo ya ọkọ̀ sórí páálí kan, mo ya ọkọ́ sórí òmíràn, mo pe ọ̀kan kó nawọ́ sí i. Nígbà tí ìyẹn rọ̀ ọ́ lọ́rùn, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó bẹ̀rẹ̀ bíi bàtà kiri inú ilé: báàgì, bọ́tìnnì, bẹ́ẹ̀dì, bébà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wa ṣe é, kò sì fẹ́ ká dáwọ́ dúró.

Oókà kọ́ èmi fúnra mi ní nǹkan. Ọmọ mi ti ń ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ẹ̀wá láti ìgbà tó ti pé ọdún méjì ààbọ̀, mo sì ti ń fi yangàn. Ìlẹ̀kẹ̀ onígi mẹ́wàá ló wà nínú apó kẹfà. Mo ní, "Fún mi ní mẹ́rin." Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún mi. Mo to mẹ́ta sílẹ̀, mo ní kó kà á, ó kà á dáadáa, mo wá bi í, "Mélòó wá ni?" Ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí ení. Orin ló ń kọ látọjọ́ yìí, kò mọ̀ pé iye tó gbẹ̀yìn ló jẹ́ ìdáhùn. Ẹni tó ṣètò apó yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí kò ní ká kọjá márùn-ún fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ní kí ọmọ máa sún ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan kúrò bó bá ti kà á. Mo gbóríyìn fún un gan-an. A ń ka bọ́tìnnì ara aṣọ, a ń ka àtẹ̀gùn, a ń ka ìbọ̀sẹ̀ lórí okùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, mo ní kó mú òwú mẹ́ta wá fún mi láti inú agbọ̀n, mẹ́ta gan-an ló sì mú wá.

Ohun tó fẹ́ẹ̀ jẹ́ kí n dá gbogbo àpótí náà padà wà nínú apó karùn-ún. Eré ẹja pípa ni: ọ̀pá kékeré tó ní òòfà lẹ́nu okùn, pẹ̀lú ẹja onígi mẹ́jọ tí òòfà wà lẹ́nu wọn. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, mo rí ẹja kan tí ihò ẹnu rẹ̀ ṣófo. Mo wá ilẹ̀, mo gbé ẹní, mo tú ìrọ̀rí, ọkàn mi ò balẹ̀ títí tí mo fi rí òòfà náà lára ìdí àga onírin. Kò tóbi ju bọ́tìnnì àwọ̀lékè lọ, ọmọ oṣù mẹ́wàá sì wà nílé wa tó ń fi gbogbo nǹkan sẹ́nu. Bí ọmọ bá gbé òòfà méjì tó lágbára mì, wọ́n máa fa ara wọn nínú ikùn, wọ́n á há ìfun sáàárín, wọ́n sì lè lu ìfun náà. Iṣẹ́ abẹ ni ọ̀rọ̀ máa ń já sí. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó tà á. Òmíràn irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, gọ́ọ̀mù kan náà, òòfà kan náà. Mo da méjèèjì nù. Ìdí tí mi ò fi lè fún àpótí yìí ní ìràwọ̀ márùn-ún nìyí, ìbáà jẹ́ pé ohun gbogbo tó kù pé.

Ìlẹ̀kẹ̀ wọn tóbi tó, mo wọ̀n ọ́n. Agolo kékeré tí wọ́n fi ń dán nǹkan ìṣeré àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta wò fẹ̀ tó mìlímítà 31.7: ohun tó bá wọ inú rẹ̀ tán lè fún ọmọ lọ́fun. Ìlẹ̀kẹ̀ yìí fẹ̀ tó 35. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ òòfà, òkè kọ́bọ́ọ̀dù ni gbogbo rẹ̀ ń gbé bí a bá ti ṣe tán.

Fídíò wà pẹ̀lú rẹ̀ lórí fóònù. A wo ọ̀kan. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2019 ni pé kí ọmọ ọdún mẹ́ta má ṣe jókòó síwájú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, bó bá sì dín kù, ó sàn, kó sì sùn tó wákàtí mẹ́wàá sí mẹ́tàlá. Ọ̀rọ̀ oorun yẹn la mú lò. Àárọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi máa ń tètè mọ́.

Apó keje ló jẹ́ kí n gbà pé owó mi kò ṣòfò. Káàdì ojú mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ojú tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń bínú, tó ń bẹ̀rù, tó ń sunkún, pẹ̀lú ìgò oníyanrìn tó ń dà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Eré náà kò ju báyìí lọ: sọ fún ọmọ pé o ń lọ, sọ pé o máa padà bí yanrìn bá tán, jáde, kí o sì padà nígbà tó bá tán. Má ṣe yọ́ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí mo ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo máa ń dúró dìgbà tó bá yíjú sí ohun ìṣeré kí n tó sá jáde, mo rò pé àánú ni mò ń ṣe é. Kò lè yíjú kúrò lára mi mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, nílé gan-an.

Lọ́jọ́ kìíní, ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó ti ìgò náà, ó ń wò ó, omi lójú rẹ̀. Mo wọlé bí yanrìn ṣe tán. Ó wo ìgò, ó wò mí, ó ní, "Yanrìn ti tán, o sì ti dé." A yí i dà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, àbúrò mi obìnrin wá jókòó tì í fún wákàtí méjì, mo sì lọ sí ìsọ̀. Mo ní, "Bí o bá ti jí lójú oorun ọ̀sán, màá ti dé." Ó sunkún díẹ̀, ó dákẹ́, ó lọ mú káàdì ojú ẹlẹ́kún wá fún àǹtí rẹ̀, ó ní, "Èyí ni mí." Lára ohun tí CDC, àjọ ìlera ti Amẹ́ríkà, ń wò lára ọmọ ọdún mẹ́ta ni pé kó lè dákẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí òbí rẹ̀ bá ti fi í sílẹ̀. Àbúrò mi wo aago fún mi: ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Ohun kan tí kò sí nínú apó kankan ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo yọ bọ́tìnnì kúrò lára gbogbo ṣòkòtò tó máa wọ̀ lọ, mo fi rọ́bà sí ìbàdí wọn. Ọmọ tí ìtọ̀ ń gbọ̀n kò ní ráyè bọ́tìnnì, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó. Lílọ, jíjókòó, nínu ìdí, fífọ ọwọ́ fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, gbogbo rẹ̀ la ṣe láìlo àpótí ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo so aṣọ pélébé kan mọ́ síìpù báàgì rẹ̀, èyí tó já bọ́ lára aṣọ tí mò ń rán lọ́wọ́. Ó rọrùn fún un láti fi fa síìpù, ara iṣẹ́ mi sì ni. Mo ní, "Bí wọ́n bá ti kọrin ìparí, màá ti wà lẹ́nu ọ̀nà." Ó bọ́ bàtà, "fàà," ó gbé báàgì kọ́ sábẹ́ ṣ rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ètè rẹ̀ gbọ̀n. Tíṣà rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì lọ, mo rìn lójú rẹ̀, mi ò sá.

Ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún un. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ rà á nítorí pátákó aṣọ, ẹ̀mú, kíréyọ̀nì, ìlẹ̀kẹ̀ àti apó keje. Ẹ yọ ẹja òòfà kúrò kí ọmọ tó rí i, ẹ béèrè sísọ́ọ̀sì ọwọ́ òsì bó bá yẹ. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Ẹ̀yìn ojú ewé 96 yẹn ṣófo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti ya ọkọ̀ òfuurufú kún ìdajì rẹ̀. Pátákó bọ́tìnnì wà ní ìsọ̀ mi báyìí, mo ti pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ sí èyí tó rọ̀, mo sì gbé e kọ́ sára ìṣó tó wà nísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọ kékeré lè tó.